Ẹ Má Sọ fún Bàbá Tóyìn Pé Ó Fọ́

Nínú ilé wa, bí abọ́ bá fọ́, ṣe ni wọ́n ń yára gbá a sínú ọ̀rá, wọ́n á sì ti dà á nù kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀rù ohun tó fọ́ kọ́ ló ń bà wọ́n o. Ẹ̀rù àtúnṣe ni.

Súpà gúlù ló bà mí jẹ́. Gọ́ọ̀mù tó bá ní kí èèyàn dúró di ọjọ́ kejì, mi ò ní sùúrù rẹ̀. Ti súpà gúlù yá: ẹ kán an, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Harry Coover àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ bá a pàdé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1942, lásìkò ogun, níbi tí wọ́n ti ń wá ike tó mọ́ gaara tí ọmọ ogun yóò fi máa wo ọ̀gangan ibi tí ìbọn máa bà. Gbogbo ohun tó bá ti kàn ló ń lẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá pa á tì. Ó di 1958 kó tó dé ọjà. Bí ó bá lè sú onímọ̀ kẹ́míkà, ta wá ni èmi?

Báákẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ là, mo kán súpà gúlù sí i, mo pọn omi kún un. N ò tíì dé ẹnu ọ̀nà báàlùwẹ̀ tí omi fi bo ẹsẹ̀ mi. Irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ń yọ̀, gọ́ọ̀mù kì í ríbi dì mú. Àwọn tó ń tún un ṣe ládùúgbò kì í fi gọ́ọ̀mù ṣe é rárá. Irin gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ pọ̀.

Ti bàtà ìyá ìyàwó mi ló burú jù. Màmá wá síbi ìsọmọlórúkọ, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wọn sì yanu lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú. Mo ní, “Ẹ gbé e wá, Màmá.” Mo kán an yí ẹnu rẹ̀ po, ó le gbagidi. Líle yẹn gan-an ló dá ẹjọ́ sílẹ̀, torí bàtà a máa tẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ti ń tẹ̀, súpà gúlù ò sì mọ títẹ̀, kíkán ló mọ̀. Onílù ki Màmá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí, àtẹ́lẹsẹ̀ fò lọ bá onílù. Ó nawọ́ sí i. Ó rò pé owó ni.

Ṣúméékà tí mo gbé e lọ bá fi sáńpépà ha ojú méjèèjì, ó fi ìka pa gọ́ọ̀mù sí àtẹ́lẹsẹ̀, ó pa á sára bàtà náà, ó wá gbé wọn síta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń jẹ gúgúrú.

“Ẹ lẹ̀ ẹ́ jàre.”

“Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, ọ̀gá.”

Mo rẹ́rìn-ín. Gọ́ọ̀mù wo ló ń gbẹ kí wọ́n tó fi lẹ nǹkan? Nígbà tó fọwọ́ kàn án tí kò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́, ó pa wọ́n dé ara wọn, ó fi òòlù lù ú. Màmá ṣì ń wọ bàtà yẹn.

Ti àga tí mo fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ láàárọ̀, tí mo ní kí àlejò jókòó lé lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Etí kọ́ọ̀bù tíì ló wá kọ́ mi pé ọ̀rinrin ló ń mú súpà gúlù gan. Kì í gbẹ bíi ti ọ̀dà. Ọwọ́ mi sì ń làágùn. Kí etí kọ́ọ̀bù tó lẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mi ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹyẹ tó bà sórí àtè. Mo fi òwú nù ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bí òwú bá pàdé súpà gúlù, gbígbóná ni wọ́n ń gbóná: èéfín rú, ìka ń ta mí, mo figbe ta.

Ìyàwó mi yọjú. “Bàbá Tóyìn, ẹ má fà á o, awọ ọwọ́ yín á bó.” Ó wọ yàrá lọ wá asitóònù tó fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, torí òun ló ń tú u, díẹ̀díẹ̀.

Àfi bí bàbá onílé ṣe wọlé. “Ẹ kú ìgbádùn o!”

Mo gbé kọ́ọ̀bù òfìfo sẹ́nu, mo mu atẹ́gùn.

“Tíì nìyẹn? Ṣé ó ṣẹ́ kù?”

“Ó ti tán, sà.”

“Kò burú,” wọ́n ní, wọ́n sì nawọ́. “Ẹ gbé kọ́ọ̀bù yẹn wá kí n fi bu omi mu.”