Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Yọwọ́ Nínú Àjọ

Ìwọ òmùgọ̀ mi ọ̀wọ́n, jókòó. Àyè wà lórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń se átáyà yìí ní Logan Town, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń tún ayé tò láti ìrọ̀lẹ́ títí èédú yóò fi kú lábẹ́ kẹ́tùrù. Mu tíì rẹ, ṣúgà inú rẹ̀ ju tíì lọ. O ti gbọ́ lórí rédíò pé Málì, Burkina Faso àti Niger ti kúrò nínú ECOWAS, o sì ń lu àyà pé kí Làìbéríà náà kúrò, kí àwọn aṣòfin wa ní Capitol Hill lè gba àṣẹ wọn padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ECOWAS ní Abuja. Ó dára. Mo máa kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ṣe é, torí ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí nínú ọgbà tí mò ń gbé.

Àjọ là ń pe ECOWAS, àjọ náà là ń pe owó tí à ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Alájọgbé mi kan wà nínú àjọ wa, ẹgbẹ̀rún kan dọ́là Làìbéríà lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó ní òun ò dá mọ́, pé olórí àjọ ti sọ ara rẹ̀ di baálé ilé òun, pé ìyàwó òun ló yẹ kó máa sọ bí wọ́n ṣe máa ná owó ilé òun. A pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́ jù wá lọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin náà yọ́ wá bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, owó tó kúrò nínú àjọ yẹn, ṣé ọ̀dọ̀ yín ló ṣì wà ni? Mi ò tíì rí i o."

Gbé ìyẹn sápò, a ó padà sí i.

Ohun tí o máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí o má ka ìwé kankan. Bí o bá kà á, o máa rí i pé àga 115 ló wà ní ilé aṣòfin ECOWAS kí àwọn mẹ́ta yẹn tó jáde: Nàìjíríà 35, Gánà 8, tiwa níbí 5, àti pé àárín àwọn aṣòfin tiwa fúnra wa la ti ń yan àwọn márùn-ún ọ̀hún. O máa rí i pé ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fúnni jù níbẹ̀ ní Abuja. Bí o bá ṣèèṣì ṣí ìwé òfin Làìbéríà ti 1986, ojú rẹ á bá abala 57, tó ní bí ààrẹ bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe àdéhùn, ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Abala 12 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 tún le ju ìyẹn: àdéhùn kì í di òfin níbẹ̀ àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Ọwọ́ aṣòfin ni kọ́kọ́rọ́ wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ àjọ. Òótọ́ ni pé àjọ ń di èèyàn lọ́wọ́. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá ti fẹnu kò pé 35 nínú 100 ni owó ẹrù ò gbọdọ̀ kọjá ní bodè, aṣòfin orílẹ̀-èdè kan ò lè dá a yí padà bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n má ka ìyẹn náà. Ó máa ba ìbínú rẹ jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ti ilé aṣòfin rẹ pa kó tó di pé o lọ gba àṣẹ padà fún un. Níbí gan-an lọwọ́ àwọn ará Málì ti mọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 2020, ṣọ́jà gbé Ààrẹ Ibrahim Boubacar Keïta lọ sí bárékè Kati, òun náà sì bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n láàárín òru, ó ní òun kọ̀wé fipò sílẹ̀, òun sì tú ilé aṣòfin ká. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi rọ́pò ilé aṣòfin náà, yíyàn ni wọ́n yan àwọn ọmọ inú rẹ̀, ará ìlú ò dìbò fún wọn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Malick Diaw, ọ̀kan nínú àwọn tó gbàjọba, ni wọ́n fi ṣe olórí. Ìfipágbàjọba ti Burkina Faso tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní 2022, ti Niger ní oṣù Keje 2023. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2024 tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde pé àwọn ti kúrò lójú ẹsẹ̀, kò sí ilé aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn ní ọ̀kankan nínú wọn. (Àdéhùn ECOWAS, abala 91, ní ọdún kan gbáko ni kí wọ́n fi sọ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025 ni wọ́n tó jáde tán.) Àṣẹ padà sílé lóòótọ́. Ìyàwó ni kò sí nílé.

Máa fi gbogbo ẹ̀bi sí Abuja lọ́rùn, má bojú wẹ̀yìn. Làìbéríà wà lára àwọn tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Karùn-ún 1975. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1980, Samuel Doe àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa Ààrẹ Tolbert, ilé aṣòfin sì wọlẹ̀ lọ. Sájẹ́ǹtì ló ṣe é, àjọ kọ́. Nígbà tí ìjà lórí ta ni olórí ilé pín àwọn aṣòfin kékeré wa sí méjì ní ìparí 2024, tí iná sì jó gbọ̀ngàn wọn nínú oṣù Kejìlá, Abuja kọ́ ló dá ìjà yẹn sílẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ECOWAS tí wọ́n ń pè ní ECOMOG, tó sọ̀kalẹ̀ ní Freeport, tí kò jìnnà síbi tí a jókòó yìí, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1990 ńkọ́? Babangida, olórí Nàìjíríà nígbà náà, tí ṣọ́jà tirẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn, kò ní ilé aṣòfin kankan tí ì bá bi léèrè.

Bó bá ṣe pé ilé aṣòfin rẹ ṣì ń mí, tẹ̀ lé ìlànà ìlú Ọba. Ní oṣù Kẹfà 2016, 52 nínú 100 àwọn tó dìbò ní kí wọ́n kúrò nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, kí àṣẹ lè padà sọ́dọ̀ ilé aṣòfin. Theresa May, olórí ìjọba wọn, wá fẹ́ kọ ìwé ìdágbére láì bi ilé aṣòfin yẹn gan-an, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi adájọ́ mẹ́jọ sí mẹ́ta dá a dúró ní oṣù Kìíní 2017. Boris Johnson gbapò rẹ̀, ó ní kí wọ́n ti ilé aṣòfin pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní 2019. Adájọ́ mọ́kànlá ní ohùn kan ní títì yẹn kò dúró lábẹ́ òfin. Òfin tí wọ́n fi kúrò, ti 2018, tún fún àwọn mínísítà lágbára láti máa tún òfin ṣe. Mi ò ní parọ́ fún ọ: òfin àjọ Yúróòpù láti Brussels kò borí tiwọn mọ́. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin kan náà ló fi òfin 1972 ṣílẹ̀kùn fún un, ìgbà tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n lè tì í. Ohun tó kúrò ní Brussels, mínísítà ló kọ́kọ́ fọwọ́ gbà á lẹ́nu ọ̀nà.

Èyí tó kù ò le. Bí o bá ti ń jáde nínú àjọ, yára wọ òmíràn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ò tiẹ̀ tíì jáde tán tí wọ́n fi pàdé ní Niamey ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 2024, tí wọ́n so ara wọn pọ̀, tí wọ́n sì kọ ilé aṣòfin tuntun sínú àdéhùn náà. Ní oṣù Kẹta 2025, wọ́n fi owó ìdajì ọ̀kan nínú 100 lé ẹrù tó bá ti òde wọlé. Séfà ni wọ́n ṣì ń ná, báńkì tó ń gbé e jáde sì wà ní Dakar.

Alájọgbé mi náà ti wọ òmíràn. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní gáréèjì kẹ́kẹ́ ló jọ ń dá a báyìí. Mo bá ìyàwó rẹ̀ pàdé lọ́nà ọjà Duala lánàá, mo sì sọ fún un. Ó gbé abọ́ orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Bọ̀dá," ó ní, "èló ni wọ́n ń dá?"