Iṣẹ́ Ẹrú Tí A Rán Autopilot

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ti gba ọ̀pọ̀ ìlú lọ́wọ́ ogun. Ọba kan á ránṣẹ́ èébú sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀, ìránṣẹ́ á gbé èébú náà mì lójú ọ̀nà, bó bá dé ọ̀hún á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Kábíyèsí, wọ́n ní kí n wá kí yín." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ òwe náà wò dáadáa: orí ìránṣẹ́ ni gbogbo ẹrù rẹ̀ wà. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ lè jẹ́ òmùgọ̀ pọ́ńbélé, bí ẹni tí a rán bá ti lóye, ayé á máa lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń fi ìwà òmùgọ̀ ránṣẹ́ tí ọgbọ́n ẹlòmíràn ń bò wá láṣìírí, ó sì ti mọ́ wa lára. Báyìí ni ó ṣe wá kan ẹ̀rọ.

Ọmọkùnrin kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ níhìn-ín tó ń wa bàálù nínú yàrá rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni bàálù náà wà. Microsoft Flight Simulator ni wọ́n ń pe eré náà, èyí tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, tí wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ ayé láti òkè ṣe. Ààyè 150 GB ni wọ́n ní kí èèyàn wá sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ti fi owó ara rẹ̀ ra dátà rí yóò mí kanlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kọ̀ǹpútà rẹ̀, tòkunbọ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Èmi kò bá a wí o. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ kọjá lásìkò òjò mọ ìdí tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan fi lè sọ pé òkè lòun ó máa gbà.

Pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ ló ti máa ń gbéra, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bí 1,100 ẹsẹ̀ bàtà ju òkun lọ. Cessna 172 ló ń wà. Ohun tó fẹ́ ni kó kọjá lórí Òkè Olósùnta, àpáta ńlá Ìkẹ́rẹ́, kó wo òrùlé ìyá rẹ̀ láti ojú sánmọ̀, kó yà sí Ìsẹ̀ àti Emùré, kó sì padà sí Àkúrẹ́. Ó yí nọ́ńbà gíga autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ di bàálù mú, sí 4,500. Nígbà tó gbéra dé 1,850, ó tẹ bọ́tìnnì ALT, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń retí kí bàálù máa gùn lọ. Bàálù dúró sí 1,850. Ó tún un tẹ̀, 1,850 náà ni. Olósùnta sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bàbá, ẹ wò ó, autopilot yìí ti bàjẹ́."

Kò bàjẹ́. Nínú bàálù yẹn, ẹni tó bá tẹ ALT ti sọ fún un pé: ibi tí o wà gan-an yìí, má kúrò níbẹ̀. Nọ́ńbà tó yí sí 4,500, ó kàn dárúkọ ibi tó ń lọ ni, kò tíì ní kí ẹnikẹ́ni máa lọ. VS ló yẹ kó tẹ̀, kó sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí bàálù yóò máa gùn ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá kù díẹ̀ kó dé 4,500, yóò rọra tẹ́ ara rẹ̀, ALT yóò sì tan fúnra rẹ̀. Ìránṣẹ́ tó lórí lọ́rùn ìbá ti wo Olósùnta níwájú, ìbá ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ṣé òkè lẹ fẹ́ lọ ni àbí inú òkúta?" Autopilot kò mọ ọ̀gá, kò mọ òkúta.

Ẹ rántí ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, níbí. Ó gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Ambrose sí i lára, lórí àga tí àwọn aláàárù gbé rù, tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wá bá ọba. Ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní London lọ́dún 1924, British Museum ló sì wà dòní. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn aláàárù yẹn ni autopilot. Bí òyìnbó bá ní kí wọ́n máa lọ tààrà, tí àpáta dínà, wọ́n á rọra yà fún un, wọn ò sì ní dá a lóhùn. Iṣẹ́ ẹrú gan-an ni wọ́n rán wọn, wọ́n fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ibi tí òyìnbó ti kọ́ àṣà jíjókòó láìwo ọ̀nà nìyẹn, tó fi wá rò pé irin pàápàá yóò máa yà fún òun.

Nígbà tí ọmọ wa gbọ́ nípa VS, ó kọjá ààlà. Ó ní kí bàálù máa gùn 1,500 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Cessna 172S tuntun, létí òkun, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó le koko, 730 ni ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè gùn. Autopilot bàálù náà kò sì lọ́wọ́ lára ẹ́ńjìnnì. Imú nìkan ló lè gbé sókè. Ó gbé imú. Ìsáré bàálù dín kù sí nọ́ọ̀tì 80, ó di 65, ó di 50. Ó tún gbé imú sí i, torí 1,500 ni wọ́n ní kó wá. Fèrè ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ìyẹ́ kò rí afẹ́fẹ́ gùn mọ́, bàálù já lulẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í ní ọwọ́ ayé ni. Òun fúnra rẹ̀ ní eré náà ni kò wọlé dáadáa. Ó pa á rẹ́, ó sì tún un fà sórí kọ̀ǹpútà látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ìwé ìlò bàálù náà kò tó èyí tí èèyàn kò lè kà tán kí dátà tó wọlé ìdajì, ṣùgbọ́n ta ló ń kàwé?

Ó ku ti gíga fúnra rẹ̀. Autopilot kì í wo ilẹ̀, òṣùwọ̀n tó ń gbọ́ ìwúwo afẹ́fẹ́ ló ń wò. Bí a bá fi hPa mẹ́wàá ṣì í ṣètò, nǹkan bí 300 ẹsẹ̀ bàtà ni yóò fi ṣìnà, tí yóò sì fi ìdúróṣinṣin di àṣìṣe náà mú. Bọ́tìnnì B lórí kọ̀ǹpútà ló ń tún un ṣe nínú eré yẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá gbóná tí àwòrán ń já, autopilot á máa pẹ́ kó tó mọ ibi tí bàálù wà. Á gbé imú jù, á tẹ̀ ẹ́ jù, bàálù á máa fò sókè sódò bíi jálòpì lọ́nà Ìkẹ́rẹ́. Ẹ dín ẹwà àwòrán kù, ẹ má sì jẹ́ kí àkókò inú eré sáré ju ti aago lọ. Jọ́ísítíkì àlòkù náà wà níbẹ̀, tí kì í jókòó sáàárín, tí kọ̀ǹpútà fi gbà pé ọwọ́ ẹnì kan ń tì í.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń ti nǹkan yìí kì í ṣe eré. Lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1972, bàálù Eastern Air Lines kan láti New York fẹ́ balẹ̀ ní Miami. Gílóòbù kékeré tó yẹ kó fi hàn pé ẹsẹ̀ iwájú bàálù ti jáde kò tàn. Wọ́n gun 2,000 ẹsẹ̀ bàtà padà, wọ́n ní kí autopilot di gíga yẹn mú, àwọn àgbà inú yàrá ìwakọ̀ sì dojú kọ gílóòbù. Ó jọ pé ẹnì kan ló fara kan ọ̀pá ìwakọ̀, tí autopilot sì tú gíga náà sílẹ̀ láìpariwo. Aago ìkìlọ̀ kan dún, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ̀mí 101 ló lọ nínú irà Everglades. Ẹsẹ̀ bàálù ọ̀hún ti jáde tipẹ́. Gílóòbù ló jó.

Àtìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ṣì í mú: lọ́dún 1914, Lawrence Sperry ará Amẹ́ríkà fò kọjá níwájú èrò létí odò Seine ní ìtòsí Paris, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi autopilot, tó jẹ́ tuntun nígbà náà, hàn, mẹkáníìkì rẹ̀ sì rìn jáde sórí ìyẹ́. Gbogbo ayé rí ọwọ́ tó nà sókè. Ojú rẹ̀ tó là sílẹ̀ ni a kò kọ́.

Ẹ má sì fi ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yìí ṣẹ̀sín. Ta ni kò mọ ẹni tó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́wàá, tó ṣi ọ̀kan tẹ̀, tí orúkọ ẹni tí kò mọ̀ rí jáde gbàgàdà lójú fóònù, tó sì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kó tó kà á? Owó dé ibi tó rán an. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà ní báńkì, ó ń pariwo pé ẹ̀rọ wọn ń jalè. Ẹ tún wo èyí: Facebook ní ọjọ́ ìbí olóògbé kan ni òní, kí ilẹ̀ tó mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń kọ "igba ọdún, ọdún kan" sójú ewé rẹ̀. Àwọn kan náà ló jó níbi òkú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbéra ní Àkúrẹ́ lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ tẹ B. Ẹ yí nọ́ńbà sí 4,500, ẹ fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára rẹ̀, ẹ tẹ VS, kí ẹ sì béèrè 500 péré. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára jọ́ísítíkì, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú kúrò lára aago ìsáré. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí 70, ẹ tètè dín 500 náà kù.