Ìyá Onígàrí àti Dírẹ́bà lórí Ọ̀rọ̀ Epo Àfọ̀gbìnṣe

Ìjà àwọn méjèèjì dá lórí epo àfọ̀gbìnṣe, èyí tí í ṣe epo ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe láti ara ìrèké, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, dípò èyí tí wọ́n ń wà jáde nínú ilẹ̀.

DÍRẸ́BÀ: Ìyá, ẹ́tánọ́ọ̀lù, epo àfọ̀gbìnṣe tí à ń wí yìí, kò ju ọtí líle lọ. Bí wọ́n ti ń se ẹmu tó ti kan títí tí yóò fi di ògógóró náà ni wọ́n ń se omi ìrèké tó ti kan ní Bràsíl, níbi tí ìjọba ti dá ètò Proálcool sílẹ̀ ní 1975 nígbà tí owó epo rọ̀bì ga kọjá àlà, tó fi jẹ́ pé ní 1979 iléeṣẹ́ ọkọ̀ Fiat gbé ọkọ̀ tí ọtí nìkan ń gbé rìn jáde.

ÌYÁ ONÍGÀRÍ: Ọkọ̀ ọ̀mùtí! Ṣé ti dírẹ́bà kò tó ni? Kí Dírẹ́bà sì sọ ìtàn náà dé ìdí: nígbà tí ṣúgà gbówó lórí ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìdí ṣúgà ni àwọn oníléeṣẹ́ padà sí, epo sì wọ́n bí ojú fún àwọn tó ti ra ọkọ̀ ọlọ́tí.

DÍRẸ́BÀ: Láti 2003 ni ọkọ̀ tó ń mu bẹntiróòlù àti ọtí pọ̀ nínú táǹkì kan ti dé ọjà Bràsíl. Ìrèké tí wọ́n bá fún omi rẹ̀ tán, wọ́n ń fi dá iná, iná mànàmáná sì ń jáde níbẹ̀. Èéfín tí ọkọ̀ bá tú jáde, ìrèké tuntun tó ń hù lóko ni yóò tún fà á mu.

ÌYÁ ONÍGÀRÍ: Ta ni yóò fa ti katakata tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì mu, àti ti ajílẹ̀, àti ti igbó tí wọ́n bá gé lulẹ̀ nítorí oko? Lítà ọtí kan pàápàá kò lè gbé ọkọ̀ rìn ju nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ibi tí lítà bẹntiróòlù kan ń gbé e dé.



DÍRẸ́BÀ: Nàìjíríà ló ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, ìlànà ìjọba ti ọdún 2007 sì ní kí wọ́n máa da ìdá kan ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ ìdá mẹ́sàn-án bẹntiróòlù.

ÌYÁ ONÍGÀRÍ (ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọpọ́n gàrí): Ìyẹn ni pé kóńgò tí ọmọ ènìyàn ń dù, ọkọ̀ yóò wá bá wọn dù ú! Nígbà tí tortilla, oúnjẹ àgbàdo àwọn ará Mẹ́síkò, gbówó lórí ní 2007, ṣebí ìgboro ni wọ́n tú sí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di ẹ̀bi ru epo àgbàdo tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà?

DÍRẸ́BÀ: Kò kan gàrí rárá! Èèpo ẹ̀gẹ́ tó kàn ń jẹrà lẹ́yìnkùlé yìí náà ṣeé sọ di ọtí.

ÌYÁ ONÍGÀRÍ: Èèpo wo ló ń jẹrà? Ewúrẹ́ ló ni ín. Lọ bá ewúrẹ́ dúnàádúrà.

DÍRẸ́BÀ: Ó dáa, Ìyá. Ẹ bá wa wọn kóńgò méjì.

ÌYÁ ONÍGÀRÍ: Ṣé fún ìwọ ni, àbí fún ọkọ̀? Owó wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.