Ìjàpá, Baba Kọ̀ǹpútà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Kìnnìún ra kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa fi ṣírò owó ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn ẹranko jẹ ẹ́. Wọn ò tíì yọ ọ́ nínú páálí tí Ìjàpá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ n máa mójú tó o. Ẹ̀rọ kì í ṣe nǹkan obìnrin. Bí obìnrin bá fọwọ́ kàn án, á jóná ni." Gbogbo akọ ẹranko mirí. Àgbò ló mirí jù, ẹni tí kò mọ tọ́ọ̀ṣì í tàn. Abo ẹtu fẹ́ fèsì, wọ́n ní ọbẹ̀ rẹ̀ ń jó.

Ni Ìjàpá bá ra gíláàsì, ó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká. Tó bá dé ibi iṣẹ́, á jókòó ti ẹ̀rọ, á sùn. Tílẹ̀ bá ṣú, Yánníbo á ní òun ń lọ gbá ọ́fíìsì ọkọ òun, á sì máa tẹ orúkọ àwọn onígbèsè sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì náírà, Òkété, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Òun náà ló fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì í.

Lọ́jọ́ tí ọba pe gbogbo igbó wá wòran, Ìjàpá nawọ́ sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò dá a lóhùn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó gbá a létí. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Yánníbo, tó ń gún iyán àlejò lẹ́yìnkùlé, bá fi orin sí i:

Ìjàpá, olówó orí mi,
— Kẹ̀rẹ̀ kẹ́kẹ́!
Bọ́tìnnì ń bẹ lẹ́yìn o,
— Kẹ̀rẹ̀ kẹ́kẹ́!
Tẹ "gbẹ̀gìrì", yóò ṣí o,
— Kẹ̀rẹ̀ kẹ́kẹ́!
Má gbá a létí mọ́ o,
— Kẹ̀rẹ̀ kẹ́kẹ́!

Tàgbà tèwe ló gbè é. Ìjàpá tẹ "gbẹ̀gìrì", ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kedere. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi í joyè Baba Kọ̀ǹpútà. Wọ́n jẹ iyán, ẹni tó gún un ò rí àga jókòó. (Ẹ má pè é ní àlọ́ lásán o. Nílùú Philadelphia, obìnrin mẹ́fà ló ń to iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ENIAC yóò ṣe fún un. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà han aráyé ní 1946, wọn ò pe ọ̀kankan nínú wọn síbi àsè.)

Ṣùgbọ́n orin tí gbogbo igbó ti gbè, ta ni yóò gbàgbé rẹ̀? Kí ọjọ́ ọjà tó pé, gbèsè Ọ̀kẹ́rẹ́ ti di òdo. Ní ti Òkété, ọba ló wá ń jẹ ẹ́ lówó.

Kìnnìún bú ramúramù, ó ní kí wọ́n wọ́ Baba Kọ̀ǹpútà wá. Ìjàpá bọ́ gíláàsì, ó dojú bolẹ̀: "Kábíyèsí o, ẹ̀rọ wo? Èmi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ rí. Ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ bi."