Láti Orúnkún Sísàlẹ̀

Bí ènìyàn bá rí ọkùnrin nínú kílíìtì, aṣọ onílà ìbú òun òòró tí àwọn ará Skọ́tílándì fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń yọ́ wá sí i lẹ́nu ni pé kí ni ọkùnrin náà wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè ọmọdé ni, nítorí ẹni tí ó bá ti gbé e wọ̀ rí, tí ó fi jó, tí ó sì fi rìn ní òpópó Edinburgh lábẹ́ òjò wínníwínní, mọ̀ dájú pé láti orúnkún sísàlẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ṣòkòtò a máa bo àṣírí. Ẹni tí ó wọ sóró lè fi ìbọ̀sẹ̀ tí ó ti lu jáde láàárín àwọn ọlọ́lá, kí agbádá sì gbọ̀n ọ́n mọ́lẹ̀ pátá. Ṣùgbọ́n kílíìtì parí sí ojú orúnkún, ó sì fi ojúgun ènìyàn lé aráyé lọ́wọ́ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ọmọkùnrin ará Edinburgh kan, ẹbí méjèèjì sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí bàbá ọkọ wọ agbádá òfì, kí èmi tí mo dúró ní ipò bàbá ìyàwó sì wọ kílíìtì. Ìyàwó mi rò pé n óò kọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti gbọ́ pé yáàdì 8 odidi ni wọ́n ń ṣẹ́ po sí ìdí kílíìtì kan ṣoṣo, mo ronú pé aṣọ tí ó gba ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ yẹ ọmọ ọlọ́lá, mo sì bi í pé bí adóṣù Ṣàngó ti ń ró wàbì láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ta ni ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Kílíìtì náà, jákẹ́ẹ̀tì dúdú, àti àpò onírun tí wọ́n ń so sí iwájú, àyálò ni gbogbo wọn. Bàtà nìkan ni mo ta kú pé n kò ní yá, nítorí pé ọkàn mi kò gbà kí n ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ti làágùn. Bàbá àgbàlagbà tí ó ń tajà gbé èyí tí wọ́n ń pè ní ghillie brogues sílẹ̀ fún mi: awọ dúdú tí a fi ihò wẹ́wẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kò ní ahọ́n rárá, okùn rẹ̀ sì gùn tó èyí tí a lè fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Àìní ahọ́n yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ahun. Ilẹ̀ àbàtà pọ̀ ní òkè Skọ́tílándì, omi tí ó bá sì wọ bàtà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ní àwọn ọdún 1540 ni àlùfáà kan tí ń jẹ́ John Elder ti kọ̀wé sí Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn òun ti ń bó awọ àgbọ̀nrín, tí wọ́n ń gé e mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀já awọ dè é lókè kókósẹ̀, tí wọ́n sì ń lu ihò sí i kí omi tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé lè padà gba ibẹ̀ jáde. Ihò ti òde òní kò lu já mọ́, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n kò padà wá.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà,” ni bàbá náà wí, “ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ óò wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an ni kí ẹ fi wọn bàtà yìí.” Ó na ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn sí mi, èyí tí ó nípọn, tí ó gùn dé abẹ́ orúnkún, tí etí rẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ́ wálẹ̀ sì tún nípọn ní ìlọ́po méjì. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo wọ̀ láti Ìbàdàn wà lẹ́sẹ̀ mi, bàtà sì bá a mu rẹ́gí. Kí ni mo tún ń wá? Mo ní kí ó di méjèèjì pọ̀, mo sanwó, mo yan jáde. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ṣùgbọ́n tèmi lọ́jọ́ náà, orí nìkan ni ó ń mì. Ọpọlọ inú rẹ̀ kò sí nílé.

Òwúrọ̀ ìgbéyàwó ni ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà kọ́kọ́ fojú kan ara wọn, wọ́n sì kọ ara wọn. Mo tì, mo fà, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí gbé gìgísẹ̀, mo ní kí ìyàwó mi bá mi di ìdí bàtà mú. Níkẹyìn ẹsẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ìka mi ti gun ara wọn lórí, n kò sì lè dìde. Ẹlòmíràn ìbá ránṣẹ́ wá bàtà mìíràn. Èmi ẹ̀wẹ̀, ọlọ́gbọ́n lójú ara mi, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ onírun sílẹ̀, mo sì tọrọ ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù funfun lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ilé. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ tí mo sá fún nínú bàtà, mo lọ pàdé rẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Bàtà wọlé wẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo fa okùn rẹ̀ le ni mo tó mọ iṣẹ́ tí ìbọ̀sẹ̀ nínípọn wá ṣe láyé: níbi tí ahọ́n kò sí, òun nìkan ni ó ń gba ìyà okùn sára kí ó má bàa dé eegun.

Kókósẹ̀ ni ó yẹ kí a we okùn náà mọ́, kí a sì dì í síwájú. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwòrán ọmọ ogun Róòmù nínú Bíbélì alápèjúwe kan, mo sì we tèmi gòkè títí dé agbede-méjì ojúgun. Ọ̀já pupa tí ó yẹ kí ó máa yọjú lábẹ́ etí ìbọ̀sẹ̀ ní ìhà òde, mo kọ ọ́ sí iwájú gbangba kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò. Mo sì ti ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní sgian-dubh bọ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún, ọ̀bẹ àyálò aláìlójú, tí ó jẹ́ ike láti òkè délẹ̀. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Láti ilé ìjọsìn sí gbọ̀ngàn àsè, a rìn gba Royal Mile, ọ̀nà tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti ilé olódi Edinburgh títí dé ààfin Holyrood. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, òjò sì ti fọ̀ ọ́. Awọ ni ìdí bàtà mi, titun tí kò tíì tẹ ilẹ̀ rí. Mo ń yọ̀, mo ń dúró, apá mi méjèèjì ń wá ohun tí wọn yóò dì mú nínú afẹ́fẹ́. Ìyàwó mi, ẹni tí kì í jẹ́ kí oríkì sọnù, bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí lójú àna: “Àkànní! A-fẹsẹ̀-kọ-lẹ́tà-sílẹ̀! Ọkùnrin tí ilẹ̀ ń sá fún, tí òun náà ń sá fún ilẹ̀!” Àwọn àna wa tí wọn kò gbédè rò pé àdúrà ni, wọ́n ṣe àmín.

Ijó ni ó wá tú gbogbo rẹ̀ sí gbangba. Ceilidh ni wọ́n ń pe àríyá ijó wọn, àti nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Strip the Willow, apá ni ọkùnrin àti obìnrin fi ń kọ́ ara wọn yí po, tí wọn yóò sì máa ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn títí wọn yóò fi la ìlà já. Ẹsẹ̀ tí ó ń jó, iṣan rẹ̀ a máa wú, a sì máa sọ̀: bí tèmi ti wú, okùn fún un, bí ó ti sọ̀, okùn yọ̀ wálẹ̀, ó sì fa ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ dání. Ọ̀bẹ ike bá wọn lọ, ó fìdí kalẹ̀ sí kókósẹ̀, ó ń gún mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá tàpá. Mo ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ojú àna ni. Àsìkò yìí ni ọkùnrin bàǹbà kan lẹ́yìn mi tẹ okùn mi mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi dúró. Obìnrin tí ó fi apá kọ́ mi kò dúró. Mo rí àjà, mo rí onígòjé, mo tún rí àjà, mo sì gúnlẹ̀ sẹ́bàá àga ìyá àgbà ọkọ, ẹsẹ̀ lókè, yáàdì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lórí. Gbogbo àwọn tí ìbéèrè ọmọdé nì ti ń jẹ lẹ́nu rí ìdáhùn gbà láìbéèrè: ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ewé ni. Màmá àgbà náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún dáadáa, ó sì tún fi í padà.

Bàbá ọkọ, tí apá agbádá tirẹ̀ ti wọ inú ọbẹ̀ kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, ni ó fà mí wọ yàrá kan, tí ó bá mi tú okùn. Gìgísẹ̀ mi ti lé ròrò. Kí ìtìjú má bàa pa mí, ó sọ ti Ọba George Kẹrin fún mi, ẹni tí òǹkọ̀wé Walter Scott ṣètò àlejò rẹ̀ ní Edinburgh ní 1822, tí ó wọ kílíìtì tí ó kúrú jù, tí ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn aláwọ̀ ara bo ẹsẹ̀ àti itan, tí àwọn ènìyàn fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ títí. Síbẹ̀, ọba ni. Òfin 1746 tí ó de aṣọ àwọn ará òkè, 1782 ni wọ́n tó fagi lé e, nítorí náà, ni àna mi wí, ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ tún ìwọṣọ yìí kọ́ ni.

Ó wá fi ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ hàn mí. Bàtà dúdú aláhọ́n, irú èyí tí akọ̀wé ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ni ọkùnrin náà wọ̀ sábẹ́ kílíìtì, ó sì ti jó láti ìbẹ̀rẹ̀ láìjókòó. Etí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dúró ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí abẹ́ orúnkún, kí eékún lè ráyè ṣẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ kan sì wà lábẹ́ ti onírun, nítorí pé irun àgùntàn a máa yún un. Ìdí bàtà rẹ̀, ó ti fi òkúta ha á kí ó lè di ilẹ̀ mú, ó sì ti ń wọ̀ ọ́ kiri inú ilé tipẹ́. Ọkùnrin náà ní bí òun bá ń lọ sórí òkè, bàtà ọlọ́rùn gígùn ni òun ń wọ̀, tí òun yóò sì ká ìbọ̀sẹ̀ wálẹ̀ dé ẹnu rẹ̀. Ìyẹn ni ó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní n kò gbọdọ̀ dán an wò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìbọ̀sẹ̀ onírun náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Mo fi ń sùn nígbà ọyẹ́. Ní ti bàtà aláìláhọ́n, ìyàwó mi ti fi ta akọrin kan lọ́rẹ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yọ okùn rẹ̀, ó sì fi so ilẹ̀kùn àgọ́ adìyẹ. Adìyẹ kan kò tíì jáde.