Lápalápá Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀tẹ̀

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi tẹ F1. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti tan láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wọn, ojú rẹ̀ á dúdú, á kọ ìlà méjì ní lẹ́tà funfun, á wá dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tó rí odò níwájú. Ẹ̀gbọ́n á na ìka, wọ́n á tẹ F1, ilé á tòrò. Wọ́n kọ́ ìyàwó, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n lọ síbi òkú ní Abẹ́òkúta, wọ́n pe ilé láago méje àárọ̀: “Ṣé ẹ ti tẹ F1?” Àfi bí ẹni ń béèrè bóyá àwọn ọmọ ti mu ẹ̀kọ.

Èmi náà ti bá wọn tẹ̀ ẹ́ rí. N kò bi ara mi pé kí ló dé.

Ohun tó wá bí mi nínú nìyí: olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún 35 ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àkàyé, ẹgba ni wọ́n sì fi ń dá ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè láì ka àyọkà tán lóhùn. Ìlà méjì tí láptọ́ọ̀pù ń kọ láràárọ̀ kì í ṣe ọfọ̀, kì í ṣe àrokò. Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara ni. Ìlà kìíní ní ẹnikẹ́ni kò tíì ṣètò ọjọ́ àti aago. Ìlà kejì ní ẹni tó bá fẹ́ máa lọ bẹ́ẹ̀ kó tẹ F1. Ẹ̀gbọ́n fo ìlà kìíní dá, wọ́n dìrọ̀ mọ́ ìkejì.

Nígbà tí F1 sú wọn, wọ́n gbé e fún ẹnjiníà àdúgbò. Ẹnjiníà kìíní wò ó fìrí, ó mi orí, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó nu inú rẹ̀ nù, ó tún Windows fi sí i, àwòrán ìgbéyàwó àbúrò wa bá a lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìlà méjì yọ. Ẹnjiníà kejì ní iṣẹ́ ẹni ìṣáájú ni kò dára (mi ò tíì rí ẹnjiníà tó sọ ohun mìíràn rí), ó pààrọ̀ háàdì dísìkì. Ìlà méjì yọ. Ẹni kẹta ló gbọ́n jù láyé. Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ, ó pàṣẹ fún un pé bó bá rí àṣìṣe, kó panu mọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó gba owó. Wọ́n mú iná lọ lóru, ilẹ̀ mọ́, ìlà méjì yọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró sórí ẹni kẹta yìí, torí iṣẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ mi dé egungun. Nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ bí irú èyí, ilé kan náà ni aago àti gbogbo ètò yẹn ń gbé. Ìrántí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CMOS ni, bátìrì pẹlẹbẹ kan tó rí bí owó ẹyọ ló sì ń bọ́ ọ nígbà tí kò bá sí iná. Bátìrì yẹn ti kú. Ẹ̀rọ gbàgbé ọjọ́, ó gbàgbé ètò, ó sì gbàgbé àṣẹ tí wọ́n pa fún un pé kó má sọ pé òun gbàgbé. Ọkùnrin yìí rí arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra, ó fi ẹnu sí i létí, ó ní, “Bàbá, ẹ rántí o, ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni pé ẹ kì í rántí nǹkan.” Náírà 8,000 ló gbà fún un.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápalápá. Ó yé tọmọdé tàgbà: èyí tó lè bayé ẹni jẹ́ ni ká kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò bá ẹ̀gbọ́n mi pàdé. Lápalápá ló mú láptọ́ọ̀pù yìí, lápalápá lásánlàsàn. Àwa la fi í sílẹ̀ tí à ń wá ẹ̀tẹ̀ kiri, tí à ń ra oògùn ẹ̀tẹ̀, tí inú sì ń bí wa pé ẹ̀tẹ̀ tí kò sí kò san. Kí ló fà á? Àìsàn ńlá níyì ni! Ẹni tí háàdì dísìkì rẹ̀ bàjẹ́ lè jókòó láàárín ẹgbẹ́, kó ròyìn, kí wọ́n bá a kẹ́dùn, kí wọ́n ní “ó mà ṣe o.” Ta ni yóò kí ẹni tí bátìrì aago rẹ̀ kú kú ọ̀fọ̀? Ẹnjiníà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́wọ́ pé bátìrì tí owó rẹ̀ kò tó àwo àmàlà ẹlẹ́ran méjì ni, èló ni yóò wá pè fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Oníbàárà ń wá ẹ̀tẹ̀ rà, ọlọ́jà kó ẹ̀tẹ̀ jáde.

Lọ́wọ́ kan náà, ohun tí F1 ń ṣe nínú ilé ẹ̀gbọ́n kò hàn sí wọn. Bátìrì ńlá láptọ́ọ̀pù náà ti kú tipẹ́, orí iná ló ń gbé. Bí iná bá ti lọ (ẹ̀yin náà ẹ mọ iye ìgbà), kò sí ohun tí yóò di aago mú mọ́, gbogbo rẹ̀ á padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2008. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Ní ayé láptọ́ọ̀pù yẹn, Yar'Adua ṣì wà lórí oyè, lítà epo bẹntiróòlù jẹ́ náírà 70, dọ́là kan kò sì tó náírà 120. Kí n má purọ́, nígbà tí mo rò ó débẹ̀, owú jẹ mí. Bí èmi ni láptọ́ọ̀pù náà, n kò ní í fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ní 2008 kò lè bá báńkì òde òní dòwò pọ̀. Ojú ewé báńkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwé ẹ̀rí tó ń fi han kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sì wà lára rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù wò ó, ó rí i pé ọjọ́ tí wọ́n máa kọ ìwé náà kò tíì dé, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n bú báńkì títí, wọ́n tò fún wákàtí méjì kí wọ́n lè bú wọn lójúkojú. Wọ́n kọ̀wé béèrè owó ìfẹ̀yìntì tó kù. Ẹ̀rọ fi ọjọ́ tirẹ̀ sórí lẹ́tà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n gbé e lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ wo ọjọ́ náà, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé, ẹ̀gbọ́n ṣì ń gba owó oṣù.

Kọ̀ǹpútà tí kò mọ ọjọ́ kì í ṣe tuntun: PC àkọ́kọ́ tí IBM ṣe ní 1981 kò ní aago olóbátìrì. Ẹni tó bá tàn án ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọjọ́ àti aago sí i. Ní 1984 ni PC/AT wọn gbé aago àti bátìrì tirẹ̀ dé. Àwọn ará 1981 tilẹ̀ sàn: wọ́n tẹ ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò tẹ ọjọ́, F1 ni.

Nígbẹ̀yìn, èmi àti ẹ̀gbọ́n gbé e lọ sí Otigba, ní Computer Village n'Ìkẹjà. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ ló ka ìlà kìíní. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kà á, ó ní, “Dádì, bátìrì CMOS ni o.” Ó tú síkúrù mélòó kan nísàlẹ̀, ó fi èékánná yọ ohun róbótó kan síta: CR2032. Òun náà ti kọ ara rẹ̀ sára fún ẹni tó bá lè kàwé: 20 ni mìlímítà tó fẹ̀, 32 sì ni mìlímítà 3.2 tó nípọn. Ó fi tuntun sí i, ó tún ọjọ́ ṣe, ó tàn án. Ìlà kankan kò yọ.

“Ìyẹn nìkan?” ni ẹ̀gbọ́n bi í.

“Ìyẹn nìkan ni, sà.”

Wọ́n san owó náà bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Nínú ọkọ̀ wọn kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Agége. Nígbà tó yá wọ́n ní, “Ọmọ yẹn kò tíì mọṣẹ́. Ẹ̀rọ tí àgbàlagbà mẹ́ta ṣe tì!”

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ní àárọ̀ kùtù, fóònù mi dún.

“Àbúrò, láptọ́ọ̀pù yìí mà ni o.”

“Àwọn ìlà yẹn tún yọ ni, sà?”

“Wọn ò yọ. Ohun tí mo fi ń pè ọ́ nìyẹn. Ó kàn ń tan ni, wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo tẹ F1, kò dá mi lóhùn. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Mo ti bá ẹnjiníà kẹta yẹn sọ̀rọ̀, ó ní kí n tètè gbé e wá.”