Mo Fẹ́ Fi Ọkọ̀ Ẹ̀gẹ́ Sáré Ìje

Ẹ́ńjìnì tí mo rà ní ọjà Gate kò ṣe mí ní nǹkan kan. Bẹ́ljíọ̀m ni, wọ́n tú u lára ọkọ̀ lókè òkun. Wọ́n gbé e sínú Peugeot 504 pikọ́ọ̀pù tí mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti Ìjàyè lọ sí Móníyà, mo ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn.

Ìwé kíkà ló kó bá mi. Mo kà á pé 504 ló gba ìdíje ọkọ̀ Safari ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1975, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Ni mo bá gbà lọ́kàn ara mi pé ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ mi wá láti ìdílé akíkanjú. Mo ní kí àbúrò mi ní London ra kámúṣáàfù àwọn eléré ìje ránṣẹ́.

Ọ̀gá mẹkáníìkì wò ó, ó wò mí. "Tíṣà, ẹ́ńjìnì tí kò ṣàìsàn, kí la fẹ́ là á nínú fún?"

Mo ní kó má ṣèyọnu, èmi fúnra mi ni n ó ṣe é. Ó lọ jókòó sídìí máńgòrò, ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀pà.

Kámúṣáàfù ló ń ṣí àwọn fáàfù kí epo àti afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí èéfín lè jáde. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, òun á yí lẹ́ẹ̀kan. Tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní gegele tirẹ̀ tó ń gùn lára kámúṣáàfù, wọ́n á sì jọ jẹra wọn títí wọ́n á fi bára mu. Ìdí nìyẹn tí kámúṣáàfù tuntun fi ń fẹ́ tápẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó wà nínú ìwé tó bá a wá, mo sì kà á. Ṣùgbọ́n tápẹ́ẹ̀tì tuntun lówó lórí, ti àtijọ́ sì ń dán. Mo fọ gbogbo wọn sínú abọ́ kan, mo wá ń mú èyí tọ́wọ́ mi bá kọ́kọ́ bà. Ike òróró dúdú kan bá a wá pẹ̀lú, tó yẹ kí n fi pa á lára kó tó wọlé. Mo ṣe bí ẹ̀bùn ni. Mo fi pa ìdè ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ń han.

Ìwé ní bó bá ti jí, kí n tẹ iná mọ́ ọn dé nǹkan bí 2,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, fún 20 ìṣẹ́jú, kí òróró lè máa ta sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ti pé, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo jẹ́ kó máa mí wúyẹ́wúyẹ́: gbùdù, gbùdù, gbù.

"Tíṣà, ṣé ikọ́ ń ṣe é ni?" bàbá kan béèrè.

Mo ní bí ti Kẹ́ńyà ṣe ń dún nìyẹn.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré kíkankíkan ni kámúṣáàfù bẹ́ẹ̀ tó ń lágbára. Ẹ̀gẹ́ kì í sì í sáré. Ní òkè àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá yà wá sílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun á kúkú fẹsẹ̀ rìn; ó sì ṣáájú mi dókè. Nígbà tó yá, tá-tá-tá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tú u. Gegele méjì ti jẹ, wọ́n ti rí roboto, irin lúúlúú sì ti bá ọ́ìlì káàkiri inú ẹ́ńjìnì. Kò bá mi wí. Ó nu ọwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

"Tíṣà," ó ní, "ilẹ̀kùn yìí mà rọ̀ o."